Ojú Ìka

Ìwé kan wà nínú àpótí ìjọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya,
ikán ti jẹ igun rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú.
Èmi ni akọ̀wé kẹfà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí náà bọ́ sí lọ́wọ́.
Ojú ewé kìíní: “Ìpìlẹ̀ Ilé Ìsìn Òkè-Ìrókò,
máìlì mẹ́sàn-án sí Àkúrẹ́, lẹ́bàá odò Àlà.
Jòsáyà Akíndùró, àpò kòkó mẹ́rin.
Sílásì Fágbèmí, igi afára mẹ́wàá.
Adétìmẹ́hìn, àpò méjì; ó ku ọ̀kan.”
Ẹni tó kọ ọ́ kì í fi tádàwà ṣòfò:
kò sí orúkọ obìnrin kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì, ìyá ìyá mi, ti sọ fún mi lórí ẹní
nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì:
“Imọ̀ ọ̀pẹ la kọ́kọ́ fi bò ó.
Bí katikíìsì bá ní ká dijú, ká gbàdúrà,
ọmọńlé á já sórí Bíbélì rẹ̀.
Agogo wa? Irin ẹsẹ̀ lọ́rì kan
tó dojú dé lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀.
Ọdún tí kòkó gbówó lórí, wọ́n ní ká mọ ògiri.
Ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀, ọkùnrin tẹ amọ̀.
Ta ló pọn omi tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?
Àlà jìn, òkè ga, oyún oṣù méje wà nínú mi.
Nígbà tó di ọjọ́ rírẹ́ ògiri,
gbogbo wọn lọ sóko lọ fọ́ kòkó.
Àwa mọ́kànlá la fọwọ́ rẹ́ ẹ
láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn pẹpẹ.
Ọ̀kan nínú wa ní, ‘Ẹ tẹ ọwọ́ yín mọ́ ọn kó tó gbẹ.’
A rẹ́rìn-ín. A tẹ̀ ẹ́.
Kó tó di Sátidé, wọ́n ti fi ẹfun kùn ún.”

Mo rò pé àlá ni arúgbó ń rọ́.

Ìwé kò gbàgbé ọjọ́ tí páànù dé.
Ọjọ́ tí ìjì ṣí i lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́,
bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.
Adétìmẹ́hìn rí páànù kan he nínú oko iṣu rẹ̀,
ó rù ú wá, ó ní kí wọ́n fi pa àpò tó kù rẹ́.
Akọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀: “A kò gbà.”
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé agogo, ó ga dé èjìká ènìyàn,
owó kòkó já wálẹ̀.
Àwọn ọmọdé ń jókòó lé e mu ọsàn títí dòní.

Lẹ́yìn ìkórè èṣín, ìgbìmọ̀ ní ká wó gbogbo rẹ̀.
Bíríkìlà kan wá láti Àkúrẹ́, tòun ti òòlù àti rédíò.
Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì, ó ha ọ̀dà búlúù, ó ha ẹfun,
ó sì pa rédíò.
“Akọ̀wé, ẹ wá wo nǹkan.”
Mo ka ọwọ́, mo kà á dé mẹ́wàá.
Ìkọkànlá wà nísàlẹ̀ pátápátá,
níbi tí aboyún lè jókòó dé,
àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi tèmi.
N kò gbé ọwọ́ lé e.
Ó ṣe mí bíi pé kò tíì gbẹ.

Bàbá Ìjọ ní ògiri kì í ṣe òrìṣà. Òótọ́ ni.
A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Wọ́n wó mẹ́ta, wọ́n fi ti ìlà-oòrùn sílẹ̀.
Ewúrẹ́ ló ń sùn sí òjìji rẹ̀ lọ́sàn-án.

Mo ṣí ìwé. Lábẹ́ àpò kòkó Akíndùró
àyè kan wà, kò ju ìka méjì lọ.
Mo kọ ọ́ wínníwínní: “Omi, láti odò Àlà:
Dọ́káàsì, àti”
bírò mi sì dúró.
Ó mọ orúkọ gbogbo wọn.
Èmi ni n kò bi í.